Ṣé dandan ni kí á fi iná yá kàpásítọ̀ àti tàǹsísítọ̀ lára kí á tó jó wọn mọ́ bọ́ọ̀dù ampilifáyà?

OhùnÌmọ̀wò (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mò ń to ampilifáyà kan jọ, ọ̀nà méjì, ọ̀tún àti òsì, èyí tí a ó máa gbé lọ sóde. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti bẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ de Òjúde Ọba, mi ò sì fẹ́ kí ó dákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ níbi tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ti ń jó bọ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀: tiransifọ́mà 40-0-40V, kàpásítọ̀ ńlá 10,000µF 63V mẹ́rin, tàǹsísítọ̀ 2SC5200 mẹ́jọ àti 2SA1943 mẹ́jọ, rẹ̀sístọ̀ 0.22Ω 5W mẹ́rìndínlógún. Kàpásítọ̀ fíìmù 1µF méjì fún ẹnu ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé. Àti sípíkà tuntun méjì, oníínṣì 15.

Àwọn kàpásítọ̀ ńlá yẹn ti pẹ́ lórí àtẹ, nọ́ńbà ara wọn ni 1523. Ẹnì kan ní kí n fi iná sí gbogbo ẹ̀ fún wákàtí 100 kí n tó jó ọ̀kankan mọ́ bọ́ọ̀dù, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn rẹ̀ á gbẹ. Wákàtí 100 pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo jẹnẹrétọ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ló nílò rẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é?

Ẹ̀gbọ́nMákun (Ṣàgámù)

Àbúrò, ẹni tó sọ wákàtí 100 yẹn kò parọ́ tán, ó kàn da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ ni. Nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀, àwọn kàpásítọ̀ ńlá mẹ́rin yẹn ni iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀dù. Kì í ṣe torí kí ohùn lè dùn o. Torí kí wọ́n má bàa bú gbàmù lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ tan án ni.

Nọ́ńbà 1523 yẹn, bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ ọ́, ọdún 2015 ni, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún. Inú kàpásítọ̀ báyẹn, alumíníọ̀mù tó fẹ́lẹ́ bí bébà ni wọ́n ká jọ, pẹ̀lú bébà tí wọ́n rẹ sínú omi kẹ́míkà láàárín. Awọ òkísáìdì kan wà lára alumíníọ̀mù ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù, òun ni kì í jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì ré kọjá. Iná tí a ń fi sí i ló ń tún awọ yẹn ṣe. Tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ láìrí iná, pàápàá nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù tí oòrùn ń yan látàárọ̀ ṣúlẹ̀, awọ náà á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá wá já 55V (ohun tí 40V tiransifọ́mà rẹ ń dà lẹ́yìn dáyóòdù) lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́rẹ́ǹtì á máa jò gba inú rẹ̀, á gbóná, omi inú rẹ̀ á di gáàsì, orí rẹ̀ á wú, á sì là. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló kọ ọ́ sínú datasheet wọn (ìwé tó ń ṣàlàyé ẹ̀yà náà) pé èyí tó bá ti lé ní ọdún méjì nílẹ̀, kí á kọ́kọ́ fi rẹ̀sístọ̀ 1kΩ sí i lójú wáyà, kí á fún un ní iná rẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Wákàtí kan o, kì í ṣe 100.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, wo orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Èyí tó bá ti wú tàbí tí omi ti yọ nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Lẹ́yìn náà, mọ̀ bóyá 10,000µF ni lóòótọ́, torí ayédèrú tó jẹ́ pé agolo ńlá ni wọ́n fi bo kékeré mọ́lẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú kì í lè ka 10,000µF, àmọ́ bátìrì 12V àti rẹ̀sístọ̀ 1kΩ tó o. Kọ́kọ́ fi wáyà so ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ méjèèjì pọ̀ kí ó ṣófo. Tú u, so bátìrì gba inú 1kΩ, kí mítà wà lára kàpásítọ̀, kí o sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Ó yẹ kí ó dé 7.6V láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí ó bá jẹ́ 8 tàbí 12, kò burú, wọ́n gbà á láyè láti fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún yà sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ó bá dé 7.6V ní ìṣẹ́jú àáyá 4 tàbí 5, 4,700µF ni wọ́n tà fún ọ.

Iná tí o máa lò: bí o kò bá ní pawà sọ́púlàì tó dé 60V, bátìrì 9V kéékèèké mẹ́fà tí o so tẹ̀léra á fún ọ ní bí 55 sí 57V. Iṣẹ́ yìí kì í jẹ bátìrì. Rẹ̀sístọ̀ 1kΩ yẹn, kí ó jẹ́ 5W tàbí 10W. Bí kàpásítọ̀ bá ti ṣẹ́ẹ̀tì nínú pátápátá, rẹ̀sístọ̀ náà ni yóò ru gbogbo iná, ó sì lé ní 3W. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fa ìlà sí lára agolo ni nẹ́gẹ́tíìfù. Bí o bá gbé e dojú délẹ̀, kò ní fún ọ láyè kí o tú u. Wọ awò ojú, má sì gbé ojú lé orí agolo.

Fi bátìrì méjì bẹ̀rẹ̀, kí o gbé mítà lé *rẹ̀sístọ̀*, kì í ṣe kàpásítọ̀. 1V lórí 1kΩ túmọ̀ sí 1mA. Wàá rí i tí nọ́ńbà náà á já wálẹ̀ kíákíá fún bí ìṣẹ́jú kan, ìyẹn jẹ́ iná tí kàpásítọ̀ ń gbà sínú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ohun tó bá kù lórí mítà, jíjò ni. Nígbà tí ó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 1V, fi bátìrì méjì kún un, dúró, kí o tún fi méjì yòókù kún un. Ní bátìrì mẹ́fà, jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan. Ìwọ̀n tí datasheet ọ̀pọ̀ kàpásítọ̀ ńlá fi lélẹ̀ fún jíjò ni pé kí á fi µF rẹ̀ lọ́po V rẹ̀, kí á wá ìdí rẹ̀ onílọ́po méjì (√), kí á sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. µA ni ìdáhùn. Fún tìrẹ, ó jẹ́ nǹkan bí 2.4mA, ìyẹn 2.4V lórí rẹ̀sístọ̀. Èyí tó dára á lọ sísàlẹ̀ ìyẹn dáadáa, ọ̀pọ̀ kì í tó 1V. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ó máa *lọ sílẹ̀*. Èyí tó bá dúró gbọin-gbọin sójú kan, tàbí tí ara agolo rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, sọ ọ́ nù.

Bí o bá parí, má fi sukurudíráfà gbo ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Fi rẹ̀sístọ̀ 220Ω 10W dì í fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Mítà á ka 0. Gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tún wọ̀n ọ́, wàá bá fólítéèjì díẹ̀ tó ti rú padà láti inú. Nítorí náà, fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ títí di ìgbà tí o máa jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.

WáyàÌkẹnnẹ́ (Ìkẹnnẹ́)

Ẹ̀gbọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀ lórí kàpásítọ̀ ńlá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn yòókù kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tan èèyàn jù.

Kàpásítọ̀ fíìmù 1µF: kò sí omi kẹ́míkà nínú rẹ̀, kò sí awọ kankan tí iná ń tún ṣe. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni pẹ̀lú irin lára. Jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, ó parí. Ewu rẹ̀ kan ṣoṣo ni ooru áyọ̀ọ̀nù, torí ike rẹ̀ kì í fẹ́ràn iná. Bí áyọ̀ọ̀nù bá lé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́sẹ̀ rẹ̀, o ti ń ba inú rẹ̀ jẹ́.

Wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíúsì: wákàtí òdo.

Rẹ̀sístọ̀ 0.22Ω kò nílò kí ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n wọ̀n ọ́. Má fi ibi tí mítà ti ń ka ohm wọ̀n ọ́, torí wáyà mítà fúnra rẹ̀ lè ní 0.2Ω sí 0.3Ω, ẹ̀tàn ni wàá kà. Fi 1A gba inú rẹ̀ láti ara pawà sọ́púlàì, kí o wọ̀n mV. Èyí tó péye máa wà láàárín 209 sí 231mV. Jẹ́ kí 1A yẹn wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o sì wò ó bóyá nọ́ńbà náà ń rìn. Èyí tó bá ń rìn sókè ṣáá kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

DJ_Ọmọ_Alárè

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ etí mi gbọ́ ọ. Ampilifáyà tuntun máa ń le ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ohùn rẹ̀ á rọ̀. Ṣé etí mi ló ń parọ́ ni?

WáyàÌkẹnnẹ́

Etí yín kò parọ́, ohun tó fà á ló yàtọ̀. Àkọ́kọ́, sípíkà tuntun lẹ sábà máa ń gbé tì í, òun ni ara rẹ̀ máa ń yá lóòótọ́. Èkejì, báyàsì ampilifáyà (kọ́rẹ́ǹtì kékeré tó ń gba inú tàǹsísítọ̀ kódà bí orin kò sí) máa ń rìn fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá tàn án, títí híìtì síǹkì (irin tó ń fa ooru kúrò lára tàǹsísítọ̀) á fi gbóná dé ibi tó máa dúró sí. Ojoojúmọ́ lèyí ń ṣẹlẹ̀, kò ní í ṣe pẹ̀lú tuntun. Ẹ̀kẹta, etí máa ń mọ́ ohùn lára.

Ọ̀nà láti mọ̀ kò nira. Ampilifáyà ọ̀nà méjì ni: ẹ fi kàpásítọ̀ fíìmù tó ti ṣiṣẹ́ wákàtí 100 sí ọ̀tún, ẹ fi tuntun ìran kan náà sí òsì. Ẹ fi orin kan náà sí méjèèjì, sípíkà *kan* ṣoṣo, kí ẹlòmíràn máa yí i láàárín ọ̀tún àti òsì lẹ́yìn yín, kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà máa kọ èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́. Kí ìró méjèèjì dọ́gba lórí mítà o, torí èyí tó bá ga díẹ̀ ni etí máa pè ní "èyí tó dára". Ẹ ṣe é ní ìgbà ogún, kí ẹ wá ka iye tí ẹ gbà.

ÌyáTàǹsísítọ̀ (Ìpẹru)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ kàpásítọ̀, tàǹsísítọ̀ mẹ́rìndínlógún wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ibẹ̀ gan-an ni fífi iná yẹ̀ ẹ́ wò ti wúlò jù. 2SC5200 àti 2SA1943 wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe ayédèrú wọn jù lágbàáyé. Ojúlówó: 230V, 15A, 150W. Nínú ayédèrú, ègé sílíkọ́nì kékeré kan ni wọ́n fi sínú ilé ńlá. Ó máa kẹ́sẹ járí lórí mítà, ó máa kọrin dáadáa nínú ilé, ó sì máa ṣẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé sípíkà mẹ́rin lé e lóde. Nígbà tó bá ṣẹ́ẹ̀tì, 55V á lọ tààrà sínú sípíkà.

Fi datasheet wo hFE ná, ìyẹn iye ìgbà tí tàǹsísítọ̀ ń sọ kọ́rẹ́ǹtì béèsì di púpọ̀. Lórí ti Toshiba, lẹ́tà R jẹ́ 55 sí 110, lẹ́tà O jẹ́ 80 sí 160, ní 1A. Bí lẹ́tà O bá wà lára rẹ̀ tí o sì bá 40, kí ni o tún ń wá?

Ìdánwò gidi: de tàǹsísítọ̀ kan mọ́ híìtì síǹkì ńlá pẹ̀lú péèsì, láìfi máíkà sí i, kí híìtì síǹkì náà má fara kan nǹkan kan. Nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, kọ́lẹ́kítọ̀ sí +30V láti ara pawà sọ́púlàì tí o ti dí sí 1.5A. Èmítà sí ilẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀sístọ̀ 1Ω 10W. Béèsì gba inú rẹ̀sístọ̀ 47Ω lọ sí àárín fólúùmù 500Ω tó wà láàárín +5V àti ilẹ̀. Ṣájà fóònù tó ní 5V á ṣe é. Fólúùmù wà nísàlẹ̀ pátápátá kí o tó tàn án. Gbé e sókè jẹ́jẹ́ títí 1Ω á fi ní 1V lórí. Ìyẹn 1A, tàǹsísítọ̀ ń jẹ bí 29W. Wọ̀n mV tó wà lórí 47Ω, pín in sí 47, o ti rí mA béèsì. Pín 1,000 pẹ̀lú rẹ̀, hFE nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, gbé mítà sáàárín béèsì àti èmítà. Bí sílíkọ́nì bá ṣe ń gbóná, fólítéèjì yẹn máa ń já ní bí 2mV fún díígíríì kọ̀ọ̀kan. Ojúlówó á já díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà á máa tẹ̀lé híìtì síǹkì bó ṣe ń gbóná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ayédèrú á já lulẹ̀ ṣòòròṣò nígbà tí híìtì síǹkì ṣì tutù, torí ooru kò ráyè jáde láti ara ègé kékeré yẹn. Fi wọ́n wé ara wọn, mẹ́jọ-mẹ́jọ. Máa tún 1V yẹn ṣe bí ó ṣe ń rìn, kí o sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú fáànù. Èyí tó bá máa kú, jẹ́ kí ó kú síbẹ̀.

Fún 2SA1943, yí gbogbo pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù padà.

Kọ hFE ọ̀kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀ pẹ̀lú máàkà. Mẹ́rin tó máa wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí wọ́n má fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnì kan á máa ru ẹrù àwọn tó kù. Bí owó bá wà, ra mẹ́sàn-án, kí o fi pulọ́ọ̀sì fọ́ ọ̀kan wo inú rẹ̀. Ìwọ̀n ègé sílíkọ́nì inú rẹ̀ kò ní lè purọ́ fún ọ.

AgoÌwòyè_Ampù

Ẹ ṣé mà. Kí n fi bí wọ́n ṣe ń tan odindi ampilifáyà kún un, torí wákàtí tó yẹ kí á lò, ẹ̀yìn tí a bá ti tò ó tán ni, kì í ṣe kí a tó tò ó.

Gílóòbù 100W, ti àtijọ́ tó ní wáyà nínú, kì í ṣe LED, so ó sójú wáyà láìfù. Kò sí sípíkà lára ampilifáyà. Tàn án: gílóòbù á mọ́ fòò, lẹ́yìn náà á wọmi bí kàpásítọ̀ bá ti yó. Bó bá mọ́ tí kò wálẹ̀, pa á kíákíá, ohun kan ti ṣẹ́ẹ̀tì. Bó bá wálẹ̀, wọ̀n ẹnu sípíkà: DC ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 50mV lọ. Ẹ yọ gílóòbù, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ wá tún báyàsì ṣe: 5.5mV lórí 0.22Ω jẹ́ 25mA. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má ṣe báyàsì pẹ̀lú gílóòbù o, fólítéèjì kò pé nígbà yẹn.

Ẹrù tí ẹ máa gbé lé e: ẹ lọ ra sípíríngì sítóòfù iná 1000W lọ́jà. Ní 220V, odindi rẹ̀ jẹ́ bí 48Ω, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 8Ω. Ẹ gé e méjì, ẹ fi mítà wọ̀n wọ́n, ẹ tì wọ́n bọ inú bókẹ́ẹ̀tì omi. Wáyà irú yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ohm rẹ̀ padà bó bá gbóná, omi ò sì ní jẹ́ kó pọ́n.

Ẹ gbé ìró 100Hz láti orí fóònù, torí mítà olówó pọ́ọ́kú kì í ka AC tó ga ju ìyẹn lọ dáadáa. ±55V lórí 8Ω á fún yín ní bí 150W. Ẹ gbé e sí 20V AC, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan. Ibẹ̀ ni ooru ti pọ̀: ampilifáyà náà á máa da bí 74W sórí híìtì síǹkì kọ̀ọ̀kan, èyí sì ju ooru tó ń jáde nígbà tó bá wà ní gbogbo agbára rẹ̀ lọ. Kì í ṣe èmi ni mo gbé ìdá kan nínú mẹ́ta kalẹ̀ o. Òfin FTC (àjọ tó ń mójú tó òwò ní Amẹ́ríkà) ti 1974 lórí ìpolówó agbára ampilifáyà ló ní nígbà náà kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ wákàtí kan ní ìwọ̀n yẹn kí wọ́n tó wọ̀n ọ́.

OhùnÌmọ̀wò

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé mà, gbogbo yín. Mo ti ṣe ti kàpásítọ̀. Èyí ni ohun tí mo kà lórí 1kΩ pẹ̀lú bátìrì mẹ́fà, lẹ́yìn wákàtí kan:

A: 0.4V
B: 0.6V
D: 0.5V
E: 3.9V, kò sì kúrò níbẹ̀. Pẹ̀lú bátìrì 12V, A, B àti D dé 7.6V láàárín ìṣẹ́jú àáyá 9 sí 11. E dé ibẹ̀ ní 5.

Ṣé mo lè fi E sílẹ̀ lórí iná di ọ̀la? Àti sípíkà: wọ́n ní òun náà ń fẹ́ kí ara rẹ̀ yá. Báwo?

Ẹ̀gbọ́nMákun

E kò ní ohun tí yóò yá. Kò tó 10,000µF, ó sì ń jò; ọmọ agolo ẹlòmíràn ni. Sọ ọ́ nù, má tún un gbé fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n tún ìṣirò rẹ ṣe kí o tó ra ìrọ́pò. 63V yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. 40V tiransifọ́mà rẹ, ní 220V ni. Lálẹ́, bí gbogbo àdúgbò bá ti pa iná, tí iná ìjọba bá gun 250V, 40 yẹn á di 45.5V, fi 1.414 lọ́po rẹ̀, yọ 1V ti dáyóòdù kúrò, 63V nìyẹn kò ku ẹyọ kan. Bó bá di 260V, 66V. Jẹnẹrétọ̀ tí gọ́fánọ̀ rẹ̀ kò gún régé á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ra mẹ́rin tó jẹ́ 80V tàbí 100V, èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára, kì í ṣe 85°C. A, B àti D dára fún ẹ̀rọ tí fólítéèjì rẹ̀ kò ju 45V lọ, tọ́jú wọn.

WáyàÌkẹnnẹ́

Ti sípíkà: òun nìkan ni mo lè sọ pé ara rẹ̀ ń yá nítòótọ́, torí ohun tó ń mì ni. Aṣọ tó di kóònù mú lẹ́yìn àti etí rẹ̀ níwájú máa ń gan nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé iṣẹ́, wọ́n á sì rọ̀ bó bá ti ń rìn. Fs rẹ̀ (iye Hz tí kóònù fúnra rẹ̀ ti máa ń fẹ́ mì jù) á wálẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí ẹ wọn Fs tuntun kí ẹ sì fi gé pátákó àpótí lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ má fi sínú àpótí. Ẹ dè é sórí férémù kí afẹ́fẹ́ lè gba iwájú àti ẹ̀yìn, 25Hz láti orí fóònù, ẹ gbé e sókè títí ẹ ó fi máa rí kóònù tó ń jáde tó ń wọlé ní bí mílímítà mẹ́ta. Wákàtí méjì sí mẹ́rin ti tó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyípadà náà máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí ó ń gbá "kọ-kọ-kọ", kọ́ìlì ti ń kan ìdí mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ dín in kù. Bí ẹ bá gbóòórùn fánísì, ẹ pa á. Láti dín ariwo kù, ẹ kojú méjèèjì síra, kí ẹ yí wáyà ọ̀kan padà, kí ọ̀kan máa fà nígbà tí èkejì ń tì. Àwọn ará ilé á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ mọ Fs ṣáájú àti lẹ́yìn: 1kΩ lójú wáyà láàárín ampilifáyà àti sípíkà, mítà AC lórí sípíkà, ẹ máa yí Hz láti 20 lọ sókè. Ibi tí mítà bá ti ga jù ni Fs.

OhùnÌmọ̀wò

Ó yé mi. Ìkẹyìn: a kì í lò ó lójoojúmọ́. Lẹ́yìn Òjúde Ọba, ó lè wà nílẹ̀ di December. Ṣé kí n tún kàpásítọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà náà?

Ẹ̀gbọ́nMákun

Rárá. Oṣù mẹ́fà kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí ó bá lé ní ọdún méjì, má tú ẹ̀rọ: so gílóòbù yẹn sójú wáyà, jẹ́ kí ó wà lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí sípíkà, kí o tó yọ gílóòbù kúrò. Má gbé e sí abẹ́ páànù, gbé e sínú yàrá tó tutù. Bí ooru bá fi díígíríì 10 lé, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ á dín kù sí ìdajì.

Kí o sì jó 4.7kΩ 2W mọ́ orí kàpásítọ̀ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tó bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí iná tó tán nínú wọn lẹ́yìn tí o bá pa á. Wọ̀n ọ́ kí o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

ÌyáTàǹsísítọ̀

Tàǹsísítọ̀ ńkọ́? Mélòó ló kú?

OhùnÌmọ̀wò

Mẹ́ta nínú 2SA1943, mà. Ìkan kò tiẹ̀ pé ìṣẹ́jú kan. Mo fi pulọ́ọ̀sì fọ́ ọ, sílíkọ́nì inú rẹ̀ kò ju orí ìṣó lọ.

ÌyáTàǹsísítọ̀

Dá gbogbo mẹ́jọ padà fún ẹni tó tà wọ́n, kì í ṣe mẹ́ta nìkan. Inú páálí kan náà ni márùn-ún tó kù ti jáde.